Àmì Ọjọ́bọ̀ Tí A Fà Lọ́jọ́ Ajé

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ìbòmú yín dà?"

"Ó wà lápò ẹ̀yìn ṣòkòtò mi. Àbí ìdí ò yẹ lẹ́ni tí à ń dáàbò bò ni?"

Gbogbo ilé ìlagi bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà dúró pẹ̀lú ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́, ó ń wo àbúrò ìyá rẹ̀, ẹni tí wọ́n ń pè ní Aláyùn, tí lẹ́búlẹ́bú igi ti sọ irùngbọ̀n rẹ̀ di ti arúgbó. Ọ̀sẹ̀ kẹrin rèé tó ti ń bẹ̀ wọ́n. Bó bá ní kí wọ́n di etí nítorí ariwo ẹ̀rọ, wọn a ní àwọn ò gbọ́ ohun tó wí. Ìyá Ìbòmú ni wọ́n sọ ọ́, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún!

Ìyá rẹ̀ nílé ò sì ràn án lọ́wọ́. "Kéèyàn máa pariwo ẹ ṣọ́ra, ẹ ṣọ́ra! Èmi náà ń ṣe é lójoojúmọ́, ta ló ń sanwó fún mi?"

Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ọmọ náà tìtorí ẹ̀ wá síbi iṣẹ́ yìí. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ààbò ibi iṣẹ́ àti ìlera àyíká ò ní gbà á láìsí lẹ́tà pé ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá Ààbò, obìnrin tó ń bójú tó ààbò ilé ìlagi náà, ni yóò kọ ọ́. Òun ló ti sọ fún un pé, "Àwọn tá a jọ kọ́ṣẹ́ yìí, ọ̀kan ń yẹ omi wò kí ará ìlú tó mu ún, ọ̀kan wà nílé ìwòsàn, ọ̀kan wà níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé gogoro. Ibi tí èèyàn bá ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n nílò wa."

Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Ààbò rìnrìn àjò lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ̀rín Ọjọ́ Ajé yẹn sì wọ ọmọ náà lákínyẹmí ara.

"Ohun tó wà lára ògiri lónìí náà ló máa wà níbẹ̀ lọ́la," Aláyùn wí. "Fàmì sí gbogbo ẹ̀, kó o lọ jókòó jẹ́jẹ́."

Ó jókòó lóòótọ́. Ó fàmì sí Ọjọ́ Ajé, ó fà á dé Ẹtì, ṣáṣá bí ẹni ń gé ilá. Ìpaná, agolo pupa tó wà lẹ́nu ọ̀nà: ó wà, ó kún. Ó wà, ó kún.

Ní Ọjọ́bọ̀, ayùn ta pàrà, iná sọ, lẹ́búlẹ́bú igi gbà á. Ta ló kọ́kọ́ sáré síbi ìpaná? Aláyùn! Ó nawọ́. Ìkọ́ lásán ló dì mú. Àpò ló fi ń lu iná náà títí àwọn yòókù fi gbé omi dé. Iná kú, ṣùgbọ́n awọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti bó láti ìgunpá dé ọrùn ọwọ́.

"Ta ló gbé ìpaná?" Máníjà ké.

"Àwọn tó ń rọ oògùn sínú ẹ̀ ló gbé e lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, sà," ni Bàbá Géètì, arúgbó tó ń ṣọ́nà, dáhùn. "Wọ́n ní ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ."

Wọ́n pe àwọn yẹn. Fóònù ò wọlé. Máníjà ṣí ìwé àyẹ̀wò. "'Ọjọ́rú: ó wà, ó kún. Ọjọ́bọ̀: ó wà, ó kún.' Bàbá, ìwé kì í mutí. Ẹ̀yin lẹ gbé e tà! Ẹ kó ẹrù yín."

Bàbá Géètì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga.

Aláyùn, tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú korobá omi, rọra sọ sí ọmọ náà létí pé, "Pa ẹnu ẹ dé. Lẹ́tà ẹ ku ọ̀sẹ̀ méjì péré."

Ó pa á dé. Ó wo bàbá náà bó ṣe wọ bàtà kan. Nígbà tó kan ìkejì, kò lè pa á dé mọ́.

"Èmi ni, sà."

"Ìwọ lo gbé e?"

"Rárá, sà. Èmi ni mi ò wò ó. Ọjọ́ Ajé ni mo ti fàmì Ọjọ́bọ̀."

Máníjà tún wo ìwé náà. Ó kà á jáde: "'Ọjọ́bọ̀: kò sẹ́ni tó farapa.'" Gbogbo ojú yí sí korobá. Máníjà ní kí Bàbá Géètì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gá Ààbò dé lọ́jọ́ Ẹtì. "Mi ò ní kọ lẹ́tà," ló wí. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó o ṣe, mi ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú ẹ̀ mọ́. Ilé ẹ̀kọ́ di ọdún tó ń bọ̀; tó o bá ṣì fẹ́ lẹ́tà, tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Wọn ò gbọ́ tèmi, mà!" ọmọ náà ké. "Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi mí ṣẹ̀sín!"

"Ọdún kẹsàn-án rèé tí wọ́n ti ń fi èmi náà ṣẹ̀sín. Àmọ́ nígbà tí iná sọ, ibo ni ẹni tó ń fi ẹ́ ṣẹ̀sín sáré lọ? Ó gbà pé o ti wò ó ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn ún ju lẹ́tà lọ. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tirẹ̀ ò tiẹ̀ dé ogún ọdún; ọjọ́ mẹ́ta péré ló lò.

Ní Ọjọ́ Ajé kejì, ó ti wà lẹ́nu géètì kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.

"Ọ̀sẹ̀ kélòó lo wà báyìí?" Bàbá Géètì bi í.

"Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, bàbá."

Inú ṣì ń bí i, ó ń bí i gan-an. Síbẹ̀ ó lọ bá ìpaná tuntun, ó fọwọ́ gbé e wò, ó wo abẹ́rẹ́ tó ń fi hàn bó ṣe kún tó, ó fàmì kan ṣoṣo, ó sì ki bírò bọ àpò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀mí èèyàn ló wà lábẹ́ irú àmì bẹ́ẹ̀. Ohun tí ojú ò bá rí, kí ọwọ́ má fàmì sí i.