Ẹni Tó Ń Tọ́jú Ilé Verna

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Ilé náà ṣì wà ní Aldermoor, ní ìlú Calgary. Ẹni tó bá fẹ́ lè lọ wò ó.

Aldermoor kì í ṣe àdúgbò mẹ̀kúnnù. Gáréèjì ọkọ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ló wà níwájú ilé, ajá wọn ń wọ bàtà nígbà òtútù, ajá mìíràn tiẹ̀ ní dókítà eyín. Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nìyí: wọ́n á gbé ọwọ́ sókè láti inú ọkọ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ilẹ̀kùn gáréèjì á sì rọra padé lẹ́yìn wọn. Èèyàn lè gbé níbẹ̀ títí orí rẹ̀ á fi funfun láìmọ bí pálọ̀ aládùúgbò rẹ̀ ṣe rí. Wọ́n ń pe ìyẹn ní ìwà ọmọlúàbí.

Ohun kan ṣá wà tí wọ́n máa ń ṣe fún ara wọn láìṣe àwáwí. Bí ẹnì kan bá sá fún òtútù lọ sí Arizona, níbi tó móoru, tí yìnyín sì bọ́, aládùúgbò rẹ̀ á fi ọkọ̀ wọ iwájú ilé rẹ̀, á tún jáde, kí ojú ibi tí táyà tẹ̀ lórí yìnyín lè hàn. Á wọlé lọ ṣí kọ́tìnì láàárọ̀, á sì pa á dé nírọ̀lẹ́. Olè tó bá ń kọjá á rò pé èèyàn wà nílé.

Báyìí ni Bàbá Ambrose Keil, nígbà tó ń múra àtilọ sí Arizona, ṣe kó kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ fún Verna Lindqvist, opó tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Verna gbà á, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò dùn. Bàbá yìí ló fẹjọ́ rẹ̀ sun ìjọba ìlú pé kò kó yìnyín iwájú ilé rẹ̀ lásìkò, nígbà tí omijé ikú ọkọ rẹ̀ ò tíì gbẹ lójú rẹ̀.

“Màá fi ọkọ̀ wọ ibẹ̀,” ni Verna wí nínú ara rẹ̀. “Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ inú ilé rẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe títí òtútù fi parí. Ojú táyà tó ń fi síbẹ̀ gún régé. Àwọn ará àdúgbò yìn ín.

Nígbà tí yìnyín yọ́, ọmọ àbúrò Bàbá Keil wá láti ìlú Regina, ó sì bá òkú rẹ̀ nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn yàrá abẹ́lẹ̀, àpótí ìrìn àjò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò dé Arizona rárá. Àárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ lọ gan-an ló ṣubú. Dókítà tó yẹ òkú rẹ̀ wò ní kò kú lójú ẹsẹ̀. Ó ní ó pẹ́ díẹ̀.

Kò sẹ́ni tó bá Verna wí ní Aldermoor. Wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn wí níbẹ̀. Karin, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ìlú Halifax, ló pè é.

“Mọ́mì, ṣé ẹ ò wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni?”

“Mo fi ọkọ̀ wọ ibẹ̀. Gbogbo ayé ló rí i.”

“Ó ń gbọ́ ọkọ̀ yín, Mọ́mì. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá dé, á rò pé wọ́n ti wá gbé òun.”

“Má fi ìyẹn bá mi jà.”

“Ta ni kí n wá fi bá jà?”

Verna pa fóònù. Karin ò sì pè mọ́.

Ìgbà òtútù tún dé. Yìnyín àkọ́kọ́ bọ́ mọ́jú. Verna jí sínú ìdákẹ́jẹ́ tí yìnyín máa ń mú wá, ìdákẹ́jẹ́ tí kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ẹyẹ tàbí ọkọ̀. Ó wo ìta. Ojú táyà wà níwájú ilé rẹ̀. Ó wọlé, ó sì jáde, ó gún régé.

Ó lọ sí gáréèjì. Ọkọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó fọwọ́ kan iwájú rẹ̀, ó tutù. Kò sí omi kankan lára táyà.

Ó lọ bá Bettina Szabo, obìnrin tó ń gbé ní òdìkejì títì, tí kọ́kọ́rọ́ ilé Verna sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

“Bettina, ṣé ìwọ lo wọ iwájú ilé mi láàárọ̀?”

“Èmi kẹ̀? Ìwọ fúnra rẹ lo jáde. Mo rí ọ.”

“Mi ò jáde o.”

Bettina bú sẹ́rìn-ín. “Verna, o juwọ́ sí mi! Àbí ọtí lo fi ṣe oúnjẹ àárọ̀ ni?”

Verna gba kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ lọ́wọ́ Bettina. Lọ́jọ́ kejì, ó pe ẹni tó ń ṣe àgádágodo, ó sì pààrọ̀ ti ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn. Kò fún ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́ tuntun náà.

Ìyẹn ò dá nǹkan kan dúró. Yìnyín á bọ́, ojú táyà á wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan kọ́tìnì yàrá òkè. Á pa á dé nírọ̀lẹ́, á gòkè láàárọ̀, á bá a ní ṣíṣí. Ní ọ̀sán kan tó ń ro ọbẹ̀ lórí iná, ó gbọ́ ìrìn ẹsẹ̀ lókè orí rẹ̀. Ìrìn jẹ́jẹ́, ìrìn ẹni tó mọ ilé. Ó lọ dé ibi fèrèsé, ó sì padà.

“Ta nìyẹn?”

Ọbẹ̀ ń hó.

Ẹ̀rù bà á débi pé kò lè jẹun. Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù ni pé kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ fún. Bó bá ké sí àwọn ará àdúgbò, wọ́n á gbé ọwọ́ sókè, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Karin yọ lójú fóònù: “Mò ń bọ̀ ní Sátidé, Mọ́mì. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ tán.”

Verna sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ tó máa bá a sọ kọ́ ẹnu rẹ̀ níwájú dígí: “Karin, mo ṣe ohun tí kò dáa. Ó yẹ kí n wọlé.” Ọ̀rọ̀ kékeré ni, àmọ́ kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Gbogbo ohun tó kù ní ayé rẹ̀ wà lórí pé kí Karin gbọ́ ọ.

Ní Sátidé, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́lẹ̀ láti mú èso saskatoon, èso wẹ́wẹ́ inú igbó ibẹ̀, nínú fírísà, kó lè ṣe páì tí Karin fẹ́ràn láti kékeré. Bó ṣe mú un tó ń gòkè padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó gbọ́ bí egungun ìbàdí rẹ̀ ṣe dún. Nígbà tí ojú rẹ̀ tún là, ó wà nílẹ̀, èso ti fọ́n ká, kò sì lè gbé ẹsẹ̀.

Fèrèsé kékeré kan wà lókè ògiri, lẹ́bàá ilẹ̀kùn iwájú. Yìnyín ti bò ó dé ìdajì. Ó gbọ́ ọkọ̀ kan tó wọ iwájú ilé.

“Karin!”

Ọkọ̀ náà dúró díẹ̀. Ó tún jáde.

Verna mọ ìró ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ tirẹ̀ ni.

Ó pẹ́ kí ọkọ̀ mìíràn tó dé. Takisí ni. Aago ẹnu ọ̀nà dún. Lẹ́yìn náà, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún lókè, nínú ilé ìdáná, ó dún títí ó fi dákẹ́. Verna pariwo. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń kùn, ó sì gbé ohùn rẹ̀ mì.

Ó gbọ́ ohùn Bettina lóde. “Karin! Àní o ti dàgbà! Màmá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, wo ojú táyà rẹ̀.”

“Wọ́n mọ̀ pé mò ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kọ́kọ́rọ́ wọn ò sí lọ́wọ́ yín?”

“Ó ti gbà á. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe fún un.”

“Ẹ jẹ́ kí n dúró dè wọ́n díẹ̀.”

“Dúró, ọmọ mi,” ni Verna ń wí. “Jọ̀ọ́, dúró.”

Ìrìn ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lókè. Jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Ó lọ dé ibi fèrèsé pálọ̀. Verna gbọ́ bí òrùka kọ́tìnì ṣe ń yọ̀ lórí irin.

“Wọ́n wà nílé,” ni Karin wí lóde.

“Àbí? Mo mà rò pé…”

“Wọ́n wà nílé. Wọ́n wò mí lójú, wọ́n sì pa kọ́tìnì dé mọ́ mi.”

“Karin, má ṣe báyẹn. Bóyá ara rẹ̀ ò yá.”

“Ara wọ́n yá. Èmi ni wọn ò fẹ́ rí. Ó tán nìyẹn. Mo ti gbìyànjú.”

Verna fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀. Ó fi ọwọ́ lu ògiri títí ìka rẹ̀ fi bó. Ó sọ ọ̀rọ̀ tó ti fi kọ́ ẹnu rẹ̀, ó sọ ọ́ tán pátápátá, fún ẹ̀rọ, fún fírísà, fún èso tó fọ́n ká. Ilẹ̀kùn takisí padé. Ó lọ.

Ẹsẹ̀ òkè yẹn wá. Ó dé orí àtẹ̀gùn yàrá abẹ́lẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ òkè yí padà díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn dúró sẹ́nu ọ̀nà.

“Wọlé,” ni Verna wí. “Ẹni yòówù kó o jẹ́. Sọ̀kalẹ̀ wá.”

Kò sọ̀kalẹ̀. Ó yí padà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ ò tíì ṣú nígbà tí yìnyín tún bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Ó dí fèrèsé kékeré náà pa. Lẹ́yìn náà ni Verna gbọ́ ṣọ́bìrì níwájú ilé rẹ̀, ẹnì kan ń ha yìnyín kúrò lójú ọ̀nà, ó ń ha á dáadáa dé etí, bí àwọn ará Aldermoor ṣe fẹ́ ẹ.

Ohùn Bettina wá láti òdìkejì títì. Ó fi ìbínú díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ìwà ọmọlúàbí.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Verna!”

Ṣọ́bìrì náà dákẹ́ díẹ̀, tó ìwọ̀n ìgbà téèyàn lè fi gbé ọwọ́ kan sókè láti juwọ́. Lẹ́yìn náà, ó tún bẹ̀rẹ̀.