Ìyẹ́ Òsì Àwòdì

"Fà á! Akínwálé, fà á! Tẹ kẹ̀kẹ́ náà bí ẹni tí ajá ń lé!"

Akínwálé ń gun kẹ̀kẹ́ sáré lọ lórí pápá ilé-ìwé. Okùn tí wọ́n so mọ́ ìdí kẹ̀kẹ́ náà le gbagidi, bàálù tí wọ́n fi ọparun àti aṣọ funfun kàn sì gbéra nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ga ju orí igi máńgòrò lọ. Inú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn ni ìyẹ́ òsì rẹ̀ bá tẹ̀ wálẹ̀. Bàálù náà yí bírí, ó forí sọlẹ̀ gbàù, ìrì orí koríko sì fọ́n ká. Bó ṣe ṣe lánàá nìyẹn. Bó ṣe ṣe níjẹta nìyẹn.

Olúfẹ́mi, ọmọ kíláàsì karùn-ún tó jẹ́ olórí wọn, kò tilẹ̀ wo bàálù. Abọ́sẹ̀dé ló wò.

"Ẹni tó rán ìyẹ́ yẹn ló bà á jẹ́," ó ní. "Ọwọ́ obìnrin ni. Ẹni tó yẹ kó máa rán tòbí ìyá rẹ̀ la gbé bàálù lé lọ́wọ́."

"Tòbí ìyá ta ni?" Abọ́sẹ̀dé ti dìde, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí. "Ìyẹ́ méjèèjì ni mo rán. Ọ̀tún ò ṣubú, òsì ló ń ṣubú. Ṣé ọwọ́ tí mo fi rán ọ̀tún jẹ́ ti ọkùnrin ni?"

Akínwálé bú sẹ́rìn-ín látorí kẹ̀kẹ́. "Èyí wọlé o, Kápíténì!"

"Pa ẹnu ẹ mọ́!" Olúfẹ́mi sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. "Abọ́sẹ̀dé, títí o fi máa gbà pé ẹ̀bi ẹ ni, má wá síbí mọ́."

Ẹ gbọ́ ọ! Ọmọ kan náà tí kò lè rán bọ́tìnì ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀wù.

Kì í ṣe ohun ìṣeré ni bàálù yìí. Àwòdì ni wọ́n sọ ọ́. Lọ́dún tí wọ́n ṣe àjọ̀dún Fẹ́sítáàkì ní Èkó, bí ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń kógbá sílé, odò Ṣẹ́lẹ̀rú tó ń ṣàn gba ẹ̀yìn ìlú wọn, Ìlọrà, ṣàdéédéé gbẹ. Odò tí kò gbẹ rí! Ibẹ̀ ni Màmá Hannah, ìyá Abọ́sẹ̀dé, ti ń rẹ gbágùúdá tó fi ń ṣe fùfú, fùfú yẹn ló sì gbé Abọ́sẹ̀dé dé kíláàsì kẹrin. Ní báyìí, ìyá ń rìn títí dé ẹ̀bá Ìmínì kó tó rí omi pọn. Ọrùn ti ń dùn ún. Ó ti sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ tẹkúntẹkún pé, bí odò kò bá padà, kó fi ilé-ìwé sílẹ̀ kó wá máa bá òun ru omi.

Òkè odò náà ni Ọ̀gbẹ́ni Adégòkè, kọngílá tó ń kọ́lé fún ìjọba, ti fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí ilẹ̀ ńlá ká. Àwọn ará ìlú bi í bóyá òun ló dí odò, ó ní, "Odò wo? Ẹ̀ẹ̀rùn ló gbẹ ẹ́. Ilẹ̀ gbígbẹ lásán ló wà nínú ọgbà mi." Wọ́n ní kó jẹ́ káwọn wọlé wò ó, ó ní ẹni tó bá wọlé, ọlọ́dẹ òun á yìnbọn. Ilẹ̀ gbígbẹ lásán ni ènìyàn ń fi ìbọn ṣọ́ o! Àwọn àgbà ìlú gbọ́, wọ́n mirí, wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí mú un wá sí ìpàdé ọjọ́ Sátidé. Ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn wáyà àti ìbọn! Ṣé afẹ́fẹ́ ni yóò wọlé lọ gbé e wá ni?

Àwọn ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni, afẹ́fẹ́ ni. Wọ́n de kámẹ́rà bàbá Olúfẹ́mi mọ́ ikùn Àwòdì, wọ́n fi rọ́bà fa ibi tí wọ́n ń tẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n sì fi òwú dá rọ́bà náà dúró. Bí wọ́n bá fẹ́ fò, wọ́n á ti iná bọ òwú kó máa jó díẹ̀díẹ̀. Bí òwú bá já lókè, kámẹ́rà á ya fọ́tò. Àárọ̀ kùtù nìkan ni wọ́n lè lò, nígbà tí oorun ń gbé àwọn ọlọ́dẹ lọ. Wọ́n sì ti búra pé bí ọwọ́ bá tẹ bàálù, kò sẹ́ni tó máa jẹ́wọ́, torí ọ̀gá ilé-ìwé lè lé wọn.

Lọ́jọ́ tí Olúfẹ́mi lé Abọ́sẹ̀dé yẹn, Josephine, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tóun náà wà nínú ẹgbẹ́, bá a nídìí igi máńgòrò.

"Kúnlẹ̀ fún un, jàre. Kí ló máa gbà lọ́wọ́ ẹ? Sọ pé ẹ̀bi ẹ ni, kíṣẹ́ máa lọ."

"Ẹ̀bi mi kọ́."

"Ta ló ń bi ọ́ léèrè bóyá ẹ̀bi ẹ ni? Odò ìyá ẹ ni mò ń sọ. Ṣé ìgbéraga lo máa fi rẹ gbágùúdá?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un. Ó rántí ọrùn ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n jáde ní kíláàsì, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Olúfẹ́mi lójú gbogbo wọn, ó ní, "Ẹ̀bi mi ni. Ẹ má bínú." Olúfẹ́mi na ọwọ́ bí bíṣọ́ọ̀bù, ó ní kó dìde, kó tún ìyẹ́ òsì rán. Abọ́sẹ̀dé tú òwú ìyẹ́ náà tí kò ní àbùkù kankan, ó tún un rán bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ gan-an. Oòrùn ọ̀sán ṣì ń mú nígbà tí wọ́n tún gbé Àwòdì fò. Ó fò! Ó dúró lókè gbọnrangandan bí àwòdì tòótọ́.

"Ṣé ẹ rí i?" Olúfẹ́mi ń fò sókè. "Kó ṣáà ti jẹ́wọ́ ni!"

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó béèrè ohunkóhun mọ́. Kí ni wọ́n tún fẹ́ béèrè? Wọ́n ti rí ẹlẹ́bi.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà. Nínú yàrá tí wọ́n ń gbé Àwòdì pamọ́ sí lẹ́yìn kíláàsì, òbúkọ Tíṣà Olúwọlé kan wà tí kò yéé wọlé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Abọ́sẹ̀dé, Akínwálé àti Olúfẹ́mi bá a níbi tó ti ń lá ìyẹ́ òsì. Kò fẹnu kan ọ̀tún rárá.

"Òbúkọ yìí ti fẹ́ ìyẹ́ òsì níyàwó," Akínwálé wí, ó sì ju bàtà lù ú.

Abọ́sẹ̀dé tọ́ka sí ìyẹ́ náà. "Olúfẹ́mi, wò ó, kí ló dé tó fi jẹ́ pé òsì nìkan ni..."

"O tún ti bẹ̀rẹ̀? Kì í ṣe ìwọ lo fẹnu ara ẹ jẹ́wọ́ pé ìwọ lo bà á jẹ́?"

Ẹni tó ti ní "ẹ̀bi mi ni", ẹnu wo ló kù tó fẹ́ yà?

Ní ìdájí ọjọ́ Sátidé, wọ́n gbé Àwòdì dé ẹ̀bá wáyà Ọ̀gbẹ́ni Adégòkè. Ìrì ń sẹ̀ bí òjò wínníwínní. Wọ́n ti iná bọ òwú. Akínwálé tẹ kẹ̀kẹ́, Àwòdì gbéra, ó ré kọjá orí wáyà. Ó ku díẹ̀ kí òwú já. Ni ìyẹ́ òsì bá tẹ̀. Okùn já lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́, bàálù sì yí bírí, ó bọ́ sí àárín ọgbà. Ajá gbó. Ẹnìkan pariwo, "Ta nìyẹn?" Àwọn ọmọ náà ki eré mọ́lẹ̀, wọn ò dúró títí wọ́n fi dé abẹ́ igi àgbálùmọ̀ kan lẹ́bàá ọ̀nà.

Olúfẹ́mi ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Abọ́sẹ̀dé, o tún ti..."

"Má parí ẹ̀!" Ohùn rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí Josephine fi sún sẹ́yìn. "Má parí ẹ̀ o! Èmi ló rán aṣọ. Ta ló fi sítáàṣì pa á kó lè le?"

"Èmi ni."

"Sítáàṣì wo?"

"Èyí tí ìyá ẹ fún wa." Ojú rẹ̀ yẹ̀. "Ìyẹn la fi pa ọ̀tún. Ó tán. Mo fi ìyókù èyí tí mo fi ṣe yunifọ́ọ̀mù mi pa òsì. Ṣebí sítáàṣì kan náà ni?"

"Kí lò ń bù sínú sítáàṣì yunifọ́ọ̀mù kó má baà lẹ̀ mọ́ áyọ́ọ̀nù?"

Akínwálé ló dáhùn fún un, ó fọwọ́ lu orí. "Iyọ̀! Yéè, òbúkọ yẹn ti sọ fún wa!"

"Iyọ̀ tí a ò dé lálẹ́, kí ni ìrì ń fi í ṣe?" Abọ́sẹ̀dé ń sunkún ìbínú. "Ó ń mu omi, ó ń di pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Lọ́sàn-án, oòrùn á gbẹ ẹ́, ìyẹ́ á le. Láàárọ̀, á mu ìrì, á wúwo, á rọ. O fi mí kúnlẹ̀, Olúfẹ́mi! Èmi náà òmùgọ̀, mo kúnlẹ̀! Bí mi ò bá kúnlẹ̀, à bá ṣì máa wá ohun tó bà á jẹ́, à bá sì ti rí i."

Olúfẹ́mi jókòó sílẹ̀.

Nígbà tí oòrùn ràn, gbọ̀ngàn ìlú kún. Bàbá Solomon, àgbà tó ń darí ìpàdé, kò tíì jókòó dáadáa tí Ọ̀gbẹ́ni Adégòkè fi wọlé, tòun ti ọlọ́dẹ tó ru àpò ìrẹsì kan.

"Amí ni wọ́n rán sí mi!" ó kígbe. "Nínú ìjọba ológun! Wọ́n fi bàálù wo inú ọgbà mi! Ta ló ni nǹkan yìí? Kó jáde, kí n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́!"

Ó gba àpò, kò wo inú rẹ̀, ó da Àwòdì sílẹ̀ sórí tábìlì. Aṣọ rẹ̀ ti ya, ọparun ti ṣẹ́, wọ́n ti yọ kámẹ́rà. Omi ń kán láti ara rẹ̀.

"Mo ní ta ló ni ín?"

Josephine fún Abọ́sẹ̀dé lápá. "Má sọ̀rọ̀ o. A ti búra." Olúfẹ́mi ń wo ilẹ̀. Abọ́sẹ̀dé wo ìyá rẹ̀ tó jókòó sápá ibi tí àwọn obìnrin wà, tó fi gèlè wé ọrùn tó ń ro ó. Ó ti fi ẹnu rẹ̀ gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ṣé ó tún fẹ́ sẹ́ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ ni? Ó dìde.

"Tiwa ni, sà. Èmi ni mo rán ìyẹ́ rẹ̀."

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí i.

"Ẹ rí i!" ni Adégòkè wí. "Ó jẹ́wọ́!"

"Mo jẹ́wọ́, sà. Ẹ̀yin náà, ẹ dákun, ibo ló já sí?"

"Àárín ọgbà mi ni!"

"Àárín ilẹ̀ gbígbẹ yẹn?"

"Ilẹ̀ gbígbẹ mi ni! Kí ló kàn ọ́?"

Abọ́sẹ̀dé rìn dé ìdí tábìlì. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìyẹ́ tó ya, ó fa nǹkan tútù kan tó há mọ́ ọparun yọ, gbòǹgbò rẹ̀ ṣì ń kán tótó. Ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ Bàbá Solomon.

"Bàbá, ẹ̀yin àgbà lẹ máa ń sọ pé ojú oró ní í lékè omi. Ta ló rí i rí tó lékè ilẹ̀ gbígbẹ?"

Ẹ̀rín kọ́kọ́ bú níbi táwọn obìnrin wà, ó sì di ariwo. Bàbá Solomon yí ojú oró náà sọ́tùn-ún sósì. "Ọ̀gbẹ́ni Adégòkè," ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká jọ lọ wo ilẹ̀ gbígbẹ yín." Ọlọ́dẹ Adégòkè ti ń wá ọ̀nà ìlẹ̀kùn.

Gbogbo ìlú ló wọ́ lọ síbẹ̀. Odi amọ̀ àti búlọ́ọ̀kù ló fi dí Ṣẹ́lẹ̀rú, adágún ńlá sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, omi tí wọ́n fi ń po búlọ́ọ̀kù ìjọba. Ọkọ́ àwọn àgbẹ̀ ló wó odi náà kí ilẹ̀ tó ṣú, Ṣẹ́lẹ̀rú sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn.

Ṣùgbọ́n kámẹ́rà tí wọ́n gbà padà lọ́wọ́ ọlọ́dẹ ti mu omi, kò ṣiṣẹ́ mọ́ láéláé. Ọ̀gá ilé-ìwé sì ní kí Abọ́sẹ̀dé wá roko pápá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní Mọ́ńdè, ó gbé àdá dé pápá, ó bá Olúfẹ́mi níbẹ̀, ó ti ń roko.

"Ta ló dárúkọ ẹ?" ó bi í.

"Èmi ni mo dárúkọ ara mi." Kò gbójú sókè. "Mo tún sọ fún wọn nípa iyọ̀. Má bínú, Abọ́sẹ̀dé. Mi ò wo bàálù. Ìwọ ni mò ń wò."

"Ìwọ̀nba yẹn ṣì kéré," ni Abọ́sẹ̀dé dáhùn. "Lójú Akínwálé àti Josephine ni mo ti kúnlẹ̀. Lójú wọn ni wàá ti tún un sọ."

Ó sì sọ ọ́.

Ìwọ ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, ọjọ́ kan á jọ́kan tí wọ́n á ní kó o gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tìrẹ kí àlàáfíà lè wà. Má gbà á. Ojú oró ló yọ Ìlọrà, kì í ṣe ìkúnlẹ̀, kì í sì í ṣe ojoojúmọ́ ni ojú oró ń há mọ́ ìyẹ́. Ẹ̀bi tí a gbé ru aláìṣẹ̀ kì í tún nǹkan ṣe, ńṣe ló ń bo ibi tó ti bàjẹ́ mọ́lẹ̀ títí ìrì òwúrọ̀ á fi dé.