Dín Ọkọ̀ Náà Kù

Ṣòkòtò iṣẹ́ tó ya lórúnkún ló gbé Abdulmuiz dé ṣọ́ọ̀bù Hamdalah, aránṣọ, ní Akówónjo.

"Kí ló ya á báyìí?"

"Ọkọ̀ òkun ni. Ara ẹ̀ la ti ń ha ìpẹtà ní Àpápá. Bí a bá gbé ìdí ẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí yẹn, imú ẹ̀ á kan ilé epo lọ́hùn-ún."

"Irọ́ lò ń pa, jàre!"

"Ó yá, jẹ́ ká rìn ín."

Wọ́n rìn ín. Irinwó ìṣísẹ̀ ni Hamdalah kà. Kí wọ́n tó dé ilé epo, ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára. Kò sí ọkùnrin tó fi ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ hàn án rí láìtọrọ nǹkan kan.

Wàhálà dé lọ́jọ́ tí Abdulmuiz wá tọrọ Hamdalah lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Bàbá Ràímì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ti wọ ọkọ̀ ojú omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti Àpápá dé CMS, ogún ìṣẹ́jú péré. Láti ọjọ́ náà, kò tún sẹ́ni tó lè kọ́ ọ lóhun tó ń jẹ́ òkun.

"Ìwọ lo ní ọkọ̀ kan gùn láti mọ́ṣáláṣí dé ilé epo?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ilé yín yìí, bí a bá to irú ẹ̀ mẹ́rin léra wọn, a ò tíì kan òkè ẹ̀."

"Ta lò ń sọ ọ́ fún? Èmi tí mo wọ̀ ọ́! Èèyàn ọgbọ̀n la wà níbẹ̀, orúnkún wa ń gbá ara wọn. Mi ò ní fọmọ mi fún òpùrọ́. Dín in kù!"

Abdulmuiz wo Hamdalah. Hamdalah rọra mirí: rárá.

"Ó lè... ó lè tó ilé yìí, sà."

"Ilé yìí kẹ̀?"

"Kò tiẹ̀ tó o, sà. Bíi tírélà kan."

Inú bàbá dùn dé gongo. "Ẹ ò rí i? Òótọ́ ò le! Hamdalah, gbé ẹlẹ́rìndòdò wá fún ọkọ rẹ."

Ọkàn Hamdalah gbọgbẹ́. Ó fa Abdulmuiz jáde dé gééti.

"Olólùfẹ́ mi, nítorí tìẹ ni," ni Abdulmuiz wí. "Àbí ọkọ̀ á bínú ni?"

"Ọkọ̀ ò ní bínú. Ṣùgbọ́n tí Bàbá bá ní èmi náà ti pọ̀ jù lọ́la ńkọ́?"

"Jẹ́ n padà lọ sọ òótọ́ fún wọn."

"Mo mirí sí ẹ, Abdulmuiz. O sì rí mi."

Omi bọ́ lójú àwọn méjèèjì. Abdulmuiz fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Hamdalah rọra yọ ọ́.

"Máa lọ, àyànfẹ́ mi. Ọlọ́hun á ṣọ́ ẹ."

Ó ti gééti. Bàbá Ràímì ń pariwo látinú ilé: "Ọkọ ìyàwó dà? Ẹlẹ́rìndòdò ń gbóná o!"

"Ó ti lọ, Bàbá. Mi ò fẹ́ ẹ mọ́."

"Háà! Ọmọ olóòótọ́ bẹ́ẹ̀?"