Ọdún Mẹ́rin Tí Túbọ̀sún Fẹ́ Fi Ránṣẹ́ Sófúrufú

Àríyànjiyàn ni wọ́n fi pàdé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ. Túbọ̀sún, olùkọ́ físíìsì ní yunifásítì, wá bá àwọn ọmọ ilé-ìwé girama kan sọ̀rọ̀ ní Ọ̀dẹ̀dá. Ó ní bí a bá lè sọ ẹyọ àgbàdo kan ṣoṣo di agbára pátápátá, yóò tan iná fún gbogbo Abẹ́òkúta fún ọjọ́ mélòó kan. Ó ní bóyá lọ́jọ́ kan, irú agbára bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ti ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn ìràwọ̀.

Oyíndà, olùkọ́ ìṣirò níbẹ̀, nawọ́ sókè. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi ìdajì ẹyọ àgbàdo tan iná gbọ̀ngàn yìí ná. Láti ìjẹta la ti wà lókùnkùn."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Túbọ̀sún náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò kúrò níbẹ̀ láìgba nọ́ńbà fóònù Oyíndà.

Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára. "Oyin mi" ló ń pè é. Lọ́jọ́ kan, wọ́n dúró jẹ bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá títì ní Kọ́bapẹ́.

"Oyin mi," Túbọ̀sún ní, "ẹni tó bá wọ ọkọ̀ tó ń sáré bíi ti ìmọ́lẹ̀, àsìkò á máa falẹ̀ fún un. Kó tó padà dé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ti darúgbó."

"Ṣé ó lè gbé èèyàn padà sí àná?"

"Ìyẹn ṣì jẹ́ àbá lásán. Ọ̀nà iwájú nìkan ló dájú." Ó rọra di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Bí mo bá fi ọ́ sínú rẹ̀, kí o tó dé, mo ti dàgbà jù ọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ bùṣe."

Ọ̀rọ̀ wo ló bùṣe? Oyíndà gbé bọ̀ọ̀lì sílẹ̀. Ọdún mẹ́rin ló fi ju Túbọ̀sún lọ, kò sì fi pamọ́ fún un rí.

"Kí ni mo ń wá lọ sófúrufú?"

Ọkùnrin náà wojú ilẹ̀. "Mo ti sọ fún Màmá pé mo fi ọdún méjì jù ọ́ lọ. Bí wọ́n bá bi ọ́, jọ̀ọ́, bò mí láṣìírí."

Ẹ gbọ́ o! Ọkùnrin tó ń to ìràwọ̀ lẹ́nu, ìyá tó bí i lọ́mọ ni kò lè bá sọ òótọ́! Inú bí Oyíndà.

"Ìwọ lẹ̀rù ń bà, èmi lo fẹ́ rán lọ sájò. Kí ló dé tí o ò wọ ọkọ̀ náà fúnra rẹ?"

"Bí èmi bá lọ, á tún burú sí i ni."

Oyíndà pòṣé, ó sì ṣíwájú rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Túbọ̀sún mú un lọ sílé wọn ní Ìjẹmọ̀. Ìyá rẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì, gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ó bi í pé, "Ọmọ mi, ọdún wo ni wọ́n bí ọ?"

Oyíndà kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Mo fi ọdún mẹ́rin ju Túbọ̀sún lọ."

"Há! Túbọ̀sún, ẹ̀gbọ́n rẹ lo fẹ́ fi ṣaya? Ta ni yóò máa pàṣẹ fún ta? Irú èyí ò ṣẹlẹ̀ nílé wa rí!"

Ọ̀rọ̀ náà ká Oyíndà lára, kò mọ ìgbà tó fèsì. "Ẹ foríjì mí, mà, ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́. Adébímpé yìí," ó nawọ́ sí àbúrò Túbọ̀sún tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, "bí mo bá wọlé yín, ṣé mo lè pè é lórúkọ?"

"Èèwọ̀! Ọkọ rẹ ni. Ó ti wà nílé kí o tó dé."

"Ọmọ tí mo lè kọ́ ní kíláàsì! Ọjọ́ tí ìyàwó bá wọlé ọkọ la ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ orí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin náà ṣe wọlé yìí, mà. Gbogbo ọdún mi pátá lẹ ó gbà lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. Ọdún mẹ́rin wo ló wá kù tí ẹ ń kà?"

Adébímpé fọwọ́ bo ẹ̀rín mọ́ ẹnu.

Oyíndà gbé báàgì rẹ̀, omijé ti gbà á lójú. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ dùn mí, mà. Ọmọ yín ni. Ọjọ́ orí mi ò tì mí lójú, òun ló ń tì."

Kó tó dẹ́nu ilẹ̀kùn, gbì! Túbọ̀sún ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀.

"Túbọ̀sún! Obìnrin lò ń dọ̀bálẹ̀ fún?" Màmá kígbe.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, mà. Mo purọ́ fún yín, mo sì dójú tì í. Bí ẹ bá ní kí n má fẹ́ ẹ, n ò ní gbọ́. Oyin mi, jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Màmá mí kanlẹ̀. "Ó ti tó, òótọ́ lọmọbìnrin yìí sọ. Dìde, má ba aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́. Ìyàwó wa, ìgbà wo ni ká wá mọ àwọn òbí rẹ?"

Oyíndà nu ojú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, inú sì tún ń bí i.

"Ẹ jẹ́ kó ṣì dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ ná, mà," ó ní. "Inú mi ò tíì rọ̀."