Gúrúùpù Wáásáàpù tí Ìyáàfin Gertrude Kò Jẹ́ Kí Ẹnikẹ́ni Sọ̀rọ̀ Nínú Rẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú sí Ìyáàfin Gertrude, tó ń bójú tó ilé ìkàwé ìjọba kan ní Àgùdà. Obìnrin dáadáa ni. Ó ti nu gbogbo àga láàárọ̀ Mọ́ńdè yẹn, ó ń retí àwọn òǹkàwé tí kì í yọjú, nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Sylvester wọlé láti káńsù.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé bí èrò ò bá wá síbí títí oṣù á fi parí, àwọn máa gba ilé yìí, wọ́n á fi ṣe ọ́fíìsì."

Àyà Gertrude já. Ilé ìkàwé tó fẹ́ràn bí ọmọ! Tẹkúntẹkún ló fi délé bá Theophilus ọkọ rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, àti Òkìkíọlá ọmọ wọn, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá.

"Mọ́mì, ṣebí ilé ìkàwé yín ní gúrúùpù Wáásáàpù? Ẹ ké sí wọn níbẹ̀." Òkìkíọlá gba fóònù, ó wò ó títí. "Háà! Ta ni Fadilah tí ẹ yọ kúrò?"

"Ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Muṣin ni. Ó fẹ́ tún ìdánwò ṣe, ó wá ń béèrè bóyá a ní ìwé Bàọ́lọ́jì. Ẹlòmíì tún dá sí i. Mo yọ gbogbo wọn. Ilé ìkàwé ni, a kì í pariwo níbẹ̀!"

Theophilus rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. "Gertrude tèmi! Ariwo wo ló wà nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sórí fóònù?"

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, Dádì Òkìkí." Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti ń pa òun náà.

Òkìkíọlá gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra. "Mọ́mì mi àtàtà, ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè, kí ẹ sì tètè dá wọn lóhùn. Bí ìwé tuntun bá dé, ẹ ya fọ́tò èèpo ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ gbé e sórí Fesibúùkù. Ẹ ka díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú fídíò kékeré. Màá bá yín to orúkọ àwọn ìwé yín sórí ayélujára, kí ẹni tó wà ní Òyìngbò lè mọ̀ bóyá èyí tóun ń wá wà nílẹ̀ kó tó wọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ síta láìgba àṣẹ òbí rẹ̀ o."

Lọ́jọ́ kejì, Gertrude pe Fadilah. "Má bínú, ọmọ mi. Ìwé Bàọ́lọ́jì wà. Mo ti gbé e sọ́tọ̀ dè ẹ́."

"Àǹtí, mo rò pé ẹ ò fẹ́ irú wa níbẹ̀ ni," Fadilah fèsì. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Gertrude wọra.

Fadilah wá, ó kó àwọn tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ dání. Gertrude náà ka ìwé sínú fídíò bí Òkìkíọlá ṣe wí, àwọn tó rí i sì wá láti Iganmu. Nígbà tí Sylvester padà dé lópin oṣù, kò rí àga jókòó sí. Inú rẹ̀ dùn, àmọ́ ojú ń tì í.

"Ẹ kú oríire mà. Ilé yín dúró. Ṣùgbọ́n yàrá àwọn ọmọdé, wọ́n ti buwọ́ lù ú fún ọ́fíìsì kí èrò tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ó ti bọ́."

Gertrude fúnra rẹ̀ ló kó àwọn àga kéékèèké inú yàrá náà jáde, ó ń sunkún. "Ká ní mo ti ń dá wọn lóhùn látọjọ́ yìí ni!"

Ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó ilé ìkàwé, ẹni tó bá béèrè ìwé lórí fóònù ti dé ẹnu ọ̀nà yín nìyẹn. Ẹ dá a lóhùn kó tó padà sẹ́yìn. Ẹ̀yin aráàlú, ẹ wọ gúrúùpù wọn, ẹ béèrè, kí ẹ sì fẹsẹ̀ yín débẹ̀. Ní Àgùdà, orí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ làwọn ọmọdé ti ń kàwé báyìí.