Ìkìlọ̀ Pupa Tí Fàdìlàt Bò Mọ́lẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà kà lójú fóònù ló kọ́kọ́ ba Fàdìlàt lẹ́rù, kì í ṣe àdá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àjàní. Oko ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìn odò, ìkọjá igi àràbà. Ó dé ní agogo mẹ́jọ. Òun nìkan." Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín. "Àbí irọ́ ni mo pa, bàbá?"

Àárọ̀ Sátidé ni, oòrùn sì ti ń mú. Fàdìlàt ń gbé oúnjẹ lọ fún Bàbá Àjàní, àbúrò bàbá rẹ̀, ní oko wọn lẹ́yìn Akínyẹlé. Ó kù díẹ̀ kó dé abà nígbà tó rí ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n fi aṣọ bojú, tí wọ́n ká bàbá náà mọ́. Ó rọra gbé abọ́ oúnjẹ sílẹ̀, ó sì da ikùn délẹ̀ sáàárín ẹ̀gẹ́.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ni mo fi ṣe yín?" ni Bàbá Àjàní wí.

"Dìde. A jọ ń lọ ni."

Bàbá Àjàní kò dìde. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí àdá tirẹ̀ tó wà lórí ebè. Kí ọwọ́ rẹ̀ tó kàn án, àdá ọkùnrin náà ti sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kejì. Fàdìlàt gbọ́ ìró rẹ̀ lára egungun, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń gé igi tútù. Ẹ̀jẹ̀ tú sára ewé ẹ̀gẹ́. Igbe tó jáde lẹ́nu bàbá náà kò jọ igbe ènìyàn mọ́.

Fàdìlàt náà ké. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ké. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà kọjú ìbọn sí ibi tí ohùn ti wá, ó yìn ín, ọta sì gé ẹ̀ka ẹ̀gẹ́ lókè orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìró ìbọn yẹn ni àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ oko gbọ́. Fèrè wọn dún láti òdìkejì odò, ṣakabùlà sì dáhùn lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà fi Bàbá Àjàní sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sá wọgbó.

Fàdìlàt tú ìborùn rẹ̀, ó fi so apá bàbá náà. Ọwọ́ ọ̀hún ń fì, awọ lásán ló kù tó so ó mọ́ra. Bó ti ń fa ìdè náà le, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń dún lọ́kàn rẹ̀: ìkọjá igi àràbà. Bàbá Àjàní fúnra rẹ̀ ló tẹ ọ̀rọ̀ yẹn sínú fóònù rẹ̀ láàárọ̀. Inú áàpù tí Fàdìlàt ṣe ló sì tẹ̀ ẹ́ sí, Fàdìlàt sì ti rí i níbẹ̀ kó tó kúrò nílé.

Ojú Alákàn ni orúkọ áàpù náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Fàdìlàt, ó wà ní kíláàsì àṣekágbá girama. Bí wọ́n bá ti jáde nílé-ìwé, òun àti Ọmọ́ṣọlá ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ Ọ̀gá Sanmí, tó ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan létí títì. Nígbà tí àwọn ajínigbé bẹ̀rẹ̀ sí í da àwọn àgbẹ̀ láàmú, Fàdìlàt ronú pé bí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá lè kọ ibi tó wà àti ìgbà tó dé oko, àwọn ọdẹ á mọ ibi tí wọn yóò sáré gbà bí ó bá tẹ bọ́tìnnì ewu. Àwọn ọdẹ nìkan ló yẹ kó rí àkọsílẹ̀ náà. Kò pẹ́ tí àgbẹ̀ tó ń lò ó fi lé ní ọgọ́rùn-ún.

Àmọ́ kì í ṣe Fàdìlàt ló dá gbogbo áàpù náà ṣe. Kò sẹ́ni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá Sanmí ti ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn tipẹ́.

"Nígbà tí ìyá yín bá se ọbẹ̀, ṣé àwọn náà ló se irú tí wọ́n fi sí i? Wọ́n rà á ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa. Àwọn tí a kò mọ̀ rí, ní ìlú tí a kò dé rí, ti ṣe oríṣiríṣi ègé iṣẹ́ sílẹ̀ tí a lè mú lò. A ó kó wọn pọ̀ mọ́ tiwa sínú àpótí kan tí à ń pè ní kọ̀ǹténà, a ó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n bí irú tí ẹ rà bá ní ìdin, ẹ má sọ pé ẹ̀yin kọ́ lẹ sè é. Ẹ̀yin lẹ bù ú fún àlejò."

Nítorí náà ni Fàdìlàt ṣe fi ayẹ̀wò kan sí áàpù náà, tó ń yẹ inú àpótí náà wò lójoojúmọ́. Bí ègé iṣẹ́ kankan bá ní ihò tí olè lè gbà wọlé, ìkìlọ̀ pupa á yọ.

Ó yọ ní Ọjọ́rú kan, ọjọ́ méjì péré ṣáájú ìdíje àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ìbàdàn, níbi tí òun àti Ọmọ́ṣọlá fẹ́ gbé áàpù náà lọ. Ègé tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà áàpù ló ní ihò. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà rẹ̀ lè wọlé láìní ọ̀rọ̀ aṣínà, kó sì ka gbogbo ohun tí àwọn àgbẹ̀ kọ. Àwọn tó ṣe ègé náà ti gbé òmíràn tó dára jáde, ṣùgbọ́n nígbà tí Fàdìlàt fi í rọ́pò, bọ́tìnnì ewu kò ṣiṣẹ́ mọ́. Àtúnṣe rẹ̀ á gbà tó ọ̀sẹ̀ kan.

Ọmọ́ṣọlá jókòó tì í. "Ta ló fẹ́ wá wọ inú áàpù àwọn àgbẹ̀ Akínyẹlé? Ìwọ náà wò ó! Dá èyí tó ń ṣiṣẹ́ padà, kí o sọ fún ayẹ̀wò kó fojú fo ibẹ̀. Tí a bá ti ìdíje dé, a ó tún un ṣe."

"Ọ̀gá Sanmí ńkọ́?"

"Àwọ̀ ewé ni wọ́n máa rí. Wọn ò ní bi ẹ́ ní nǹkan kan."

Ìlà kan ṣoṣo ni Fàdìlàt kọ. Pupa di àwọ̀ ewé. Ọ̀gá Sanmí yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó mi orí, ó sì kọjá lọ. Wọ́n ṣe ipò kejì níbi ìdíje náà, wọ́n gba ife. Lẹ́yìn rẹ̀, ìmúrasílẹ̀ ìdánwò àṣejáde dé. Bí Fàdìlàt bá rántí, á ní ọ̀la lòun máa ṣe é. Ọ̀sẹ̀ méje kọjá bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ keje gan-an ni àwọn ajínigbé bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwọn àgbẹ̀ tó ń lo áàpù náà mọ́ oko. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n yìnbọn pa Mahfuz, ọmọ Bàbá Jùbrílù, nínú oko iṣu. Fàdìlàt sọ fún ara rẹ̀ pé ó ṣe kòńgẹ́ ni. Ìgbà tó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tí olè náà kà ló tó gbà pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé Bàbá Àjàní lọ sílé ìwòsàn tán, tí Fàdìlàt padà sí ìlú pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ, ojúde ti kún. Ìbéèrè kan ló wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn: ta ló ń júwe ibi tí àwọn àgbẹ̀ wà? Ẹnìkan dárúkọ Yasir.

Ọ̀kadà ni Yasir ń gùn, òun ló ń gbé àwọn àgbẹ̀ lọ sóko láràárọ̀. Ará Ìṣẹ́yìn ni, kò tíì pé ọdún méjì tó dé. Òun ló gbé Mahfuz lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òun náà ló gbé Bàbá Àjàní lọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó tún wádìí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n ti wọ́ ọ bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ojú rẹ̀ òsì ti wú dí, eyín rẹ̀ méjì ti kán. Ẹnìkan ń fi ìgbànú na ẹ̀yìn rẹ̀, ẹnìkejì la òkúta mọ́ ọn lórúnkún.

"Jẹ́wọ́! Àwọn wo lò ń pè?"

"Wọ́láhì, mi ò mọ nǹkan kan! Ẹ ṣàánú mi, ìyá mi ò ní ẹlòmíràn!"

Bàbá Jùbrílù ló gbé táyà dé. Kò pariwo bíi ti àwọn yòókù. Ó kàn fi táyà náà bọ Yasir lọ́rùn, ó ní kí wọ́n gbé bẹntiróòlù wá. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ojúde.

Ọmọ́ṣọlá di Fàdìlàt lọ́wọ́ mú. "Dákẹ́ o! Tí o bá sọ̀rọ̀, ọrùn ẹ ni táyà yẹn máa bọ́ sí. Èmi àti ìwọ nìkan la mọ̀."

Òótọ́ ni. Bí Fàdìlàt bá yí padà lọ sílé, wọn á yìn ín pé òun ló so apá Bàbá Àjàní. Kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ láéláé. Ó wo Yasir. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti dákẹ́ ẹ̀bẹ̀, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì, ó ń ka kálímà.

Fàdìlàt já ọwọ́ gbà, ó sì la àárín èrò kọjá. Ìgbọ̀nwọ́ ẹnìkan gbá a lẹ́nu, ó ṣubú, ó dìde. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Yasir, ó da ara rẹ̀ bò ó. Igi tí wọ́n gbé sókè nítorí Yasir bà á léjìká.

"Èmi ni!" ló ń ké. "Ẹ dúró! Ọwọ́ mi ló ti wá!"

"Ẹ gbé ọmọ yẹn kúrò!"

"Inú áàpù mi ni wọ́n ti ń kà á! Ohun tí Bàbá Àjàní tẹ̀ láàárọ̀ ni olè náà kà, mo gbọ́ ọ, kò yẹ̀! Bọ̀ọ̀dá Yasir ò lè mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Áàpù náà ní ihò. Mo ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ méje, mo bò ó mọ́lẹ̀."

Ariwo náà kò rọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń kú, títí ó fi ku ohùn Bàbá Jùbrílù nìkan.

"Ọ̀sẹ̀ méje?" ló wí. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n pa Mahfuz."

"Mo mọ̀, bàbá."

Ó gbá a létí. Ẹ̀jẹ̀ yọ lẹ́nu Fàdìlàt. Ó tún gbá a, lẹ́yìn náà ó gba igi lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé e sókè. Bàbá Oyèkúnlé, olórí ọdẹ, ló na ọ̀pá ìbọn rẹ̀ dí i lọ́nà.

"Jùbrílù, bí o bá pa á, ta ni yóò ti ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀? Àwọn ènìyàn wa ṣì wà lóko báyìí, orúkọ wọn ṣì wà níbẹ̀."

Igi bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Jùbrílù. Ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, ó sì sunkún bí ọmọdé.

Àwọn ọdẹ sáré lọ kó àwọn àgbẹ̀ wálé. Fàdìlàt àti Ọ̀gá Sanmí ti áàpù náà pa, ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀ ń kán sórí tábìlì bó ti ń tẹ kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo àkọsílẹ̀ àwọn tó ti wọlé. Ẹnìkan ti ń gba ihò náà wọlé láràárọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọ̀gá Sanmí kó gbogbo rẹ̀ fún ọlọ́pàá. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ṣáṣá, tó ti kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rí. Kì í ṣe pé ó gbọ́n jù. Gbogbo ayé ni àwọn tó ṣe ègé iṣẹ́ náà ti kéde ihò rẹ̀ fún kí àwọn tó ni áàpù lè tètè dí i. Òun náà kà á, ó sì ń wá ilé tí wọn kò tíì dí tiwọn. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ọ́. Òun ló mú ọlọ́pàá lọ sí ibùba àwọn mẹ́ta tó ń fi ohun tó bá kà níbẹ̀ ránṣẹ́ sí. Wọ́n mú méjì, ẹnìkẹta kú níbi tó ti ń bá ọlọ́pàá yìnbọn.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?" Ọ̀gá Sanmí bi í.

"Mo fẹ́ kí a borí ni, sà."

Ọ̀gá Sanmí fa àga, ó jókòó tì í. "Èmi náà jẹ̀bi. Mo rí àwọ̀ ewé, n kò yẹ inú rẹ̀ wò." Àwọn méjèèjì ló dá ife ìdíje náà padà, Ọmọ́ṣọlá sì bá wọn lọ, ó sọ ipa tirẹ̀ fún àwọn olùdarí.

Nílé ìwòsàn, wọ́n gé ọwọ́ Bàbá Àjàní kúrò. Kò bú Fàdìlàt. Ó kàn ní, "Ìwọ lo so apá mi, mi ò gbàgbé. Ṣùgbọ́n má retí pé kí n rẹ́rìn-ín sí ẹ lónìí." Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ni Fàdìlàt ń kọ ebè fún un.

Ojú Yasir òsì kò là mọ́. Ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ wá mú un padà sí Ìṣẹ́yìn, Fàdìlàt lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ ní gáréèjì.

"Bọ̀ọ̀dá Yasir, ẹ dárí jì mí."

Yasir fi ojú kan tó kù wò ó. "Ìwọ lo gbà mí sílẹ̀. Ìwọ náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí wọ́n sun mí. Mi ò tíì mọ èyí tí mo máa fi rántí ẹ." Ìyá rẹ̀ dì í lápá mú, wọ́n sì wọ mọ́tò.

Fàdìlàt ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí mọ́tò náà lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tó mọ̀ lọ́jọ́ yẹn ni kí ẹ̀yin náà mọ̀ láìfarapa: ìkìlọ̀ tí a bò mọ́lẹ̀ kì í kú, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló máa ń bá a pàdé. Bí o bá gba iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn, tí o fi ṣe ohun tí ènìyàn fi ẹ̀mí lé, ìwọ lo ni àṣìṣe tó wà nínú rẹ̀. Má sì jẹ́ kí ìtìjú òní mú ọ dákẹ́. Òótọ́ tí Fàdìlàt sọ ní ojúde gba ẹ̀mí Yasir là. Ká ní ó ti sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ méje ṣáájú, Mahfuz ì bá wà láyé.