Ọpọlọ Kẹrin Tí Sànyà Fi Sílẹ̀

Mẹ́rin ni ọpọlọ tó wà nínú sẹ́fà wa, kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gbé iṣẹ́ wa. Ọkùnrin tó wá bá wa tàn wọ́n dúró lórí ìkẹta, ó nu ọwọ́, ó ní ó tó.

Ó yẹ kí ẹ̀rù ti bà mí láti ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n èmi Tẹ́ní kì í tètè bẹ̀rù. Ìyá mi máa ń sọ pé bí iwin bá yọ sí mi lọ́nà, màá kọ́kọ́ bi í léèrè káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ ni.

Àdúgbò Àgọ́ Palace ni ilé-iṣẹ́ wa wà. Àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké láti Ìsọlọ̀ dé Mafolúkù a máa fi àwòrán ẹ́sìréè ránṣẹ́ sí wa, sẹ́fà wa á tún un ṣe, á tọ́jú rẹ̀, dókítà á sì rí i lórí fóònù rẹ̀. Àlòkù ni sẹ́fà náà. Alàájì Mísbáù, ọ̀gá wa, rà á lẹ́yìn tí ilé ìwòsàn kan ní Ìjẹ̀bú kógbá sílé. Ẹ̀rọ náà ní pùròsẹ́sọ̀ mẹ́rin, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ọpọlọ, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́. Ó dà bí ilé tí ìyàwó kan ti ń dáná fún gbogbo àlejò nígbà tí àwọn yòókù ń sùn. Ẹni tó bá fi àwòrán ránṣẹ́ láàárọ̀, ó lè di ìrọ̀lẹ́ kó tó rí èsì. Èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀rọ náà, orí mi sì ni gbogbo èébú ń já lé.

Bí Sànyà ṣe dé nìyẹn. Olúsànyà ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ó kàn wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní òun gbọ́ pé ẹ̀rọ wa ń fà. Alàájì rò pé èmi ni mo pè é, èmi náà rò pé Alàájì ni. Ó tẹ àṣẹ díẹ̀, ọpọlọ kejì jí, ìkẹta jí. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń ṣọ́ wọn: ìlà kan fún ọpọlọ kan lójú kọ̀ǹpútà, ìlà á gùn bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, á sì kúrú bí ó bá ń sinmi. Nísàlẹ̀ ni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni í àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

"Bí o bá pa ọ̀kan nínú wọn," ó ní, "iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kì í kú. Á gbéra lọ sórí òmíràn, á máa bá a lọ níbẹ̀."

"Ìkẹrin wá ńkọ́?"

"Fi ìyẹn sílẹ̀, Tẹ́ní. Jọ̀ọ́."

Mo fi í sílẹ̀. Alàájì gbà á síṣẹ́, kí n má sì parọ́, ọkàn mi náà gbà á. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, tí kì í jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo tó ń yà mí lẹ́nu ni ọwọ́ rẹ̀. Ó máa ń tutù, kódà nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá kú tí gbogbo wa ń làágùn. Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kò tó, mo wá ń ra ẹ̀fọ́ úgù fún un bí ẹni ń bọ́ ewúrẹ́.

Kò pẹ́ tí mo fi lóyún fún un. Mi ò tíì sọ fún un, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni lẹ́nu iṣẹ́. Mo fẹ́ kí ìyá mi kọ́kọ́ fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ wa, ṣùgbọ́n tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá mi, ọmọ Èkìtì paraku, kò sì gbà.

"Ta ni bàbá rẹ̀? Ta ni yóò tẹ̀lé e wá síbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́? Igi kan kì í dágbó ṣe, Tẹ́ní. Jẹ́ kí n rí ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n ná."

Bí mo bá bi Sànyà, èsì kan náà ni: "Àwọn èèyàn mi jìnnà." Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí. Mi ò fẹ́ bí ọmọ tí kò ní rí ẹnìkan tọ́ka sí níhà bàbá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Sànyà lọ ra wáyà ní Bọ́ládé. Kò pẹ́ tó jáde ni àwòrán ya wọlé láti ibi gbogbo, ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì kún dé òpin. Mo ní kí ló dé tí ebi yóò máa pa wá tí oúnjẹ wà nínú ìkòkò? Mo tẹ àṣẹ tó kọ́ mi. Ọpọlọ kẹrin jí.

Mi ò tíì fún un níṣẹ́ kankan tí ìlà rẹ̀ fi gùn dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà. Fáànù ẹ̀rọ náà, tó yẹ kó máa pariwo, dákẹ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà lórí ọpọlọ náà. Ẹni tó ni í: Olúsànyà. Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀: ọdún mélòó kan sẹ́yìn, kí Alàájì tó ra ẹ̀rọ náà rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó burú níbẹ̀. Bí a bá pa kọ̀ǹpútà, gbogbo iṣẹ́ orí rẹ̀ tán nìyẹn. Bí a bá tún tàn án, ọ̀tun ló máa bẹ̀rẹ̀. Iná ń lọ iná ń bọ̀ lójoojúmọ́ lọ́dọ̀ wa. Kò sí iṣẹ́ kankan tó lè wà láàyè láti ọdún yẹn. Mo mọ èyí bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi.

Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń wá ti bò mí lójú. Dípò kí n sá, inú mi dùn! Mo sọ fún ara mi pé Sànyà ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé ìwòsàn Ìjẹ̀bú yẹn, pé àwọn tó mọ ilé bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo gba nọ́ńbà ẹni tó ta ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ Alàájì, ìyẹn sì so mí mọ́ Nọ́ọ̀sì Wàsílátù, màmá kan tó ti jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì níbẹ̀, tó sì ti kó wá bá ọmọ rẹ̀ ní Mafolúkù. Mi ò dárúkọ Sànyà fún wọn. Mo kàn ní ẹnìkan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí wà lọ́dọ̀ wa, kí wọ́n wá kí i. Mo fẹ́ kó ya òun náà lẹ́nu.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n dé. Sànyà jókòó sídìí tábìlì, ó ń jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà àgànyìn. Màmá náà ń rẹ́rìn-ín bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ojú wọn ń wá ẹni tí wọ́n mọ̀. Wọ́n rí i, báàgì bọ́ lọ́wọ́ wọn.

"Sànyà?" Ohùn wọn kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn lọ. "Ṣé ìwọ nìyí?"

Sànyà gbé ṣíbí sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò wo màmá náà, èmi ló ń wò.

"Tẹ́ní, kí ló dé tó o pè wọ́n?"

Kò bínú. Ìbá sàn kó bínú. Ó dìde, ó wọ yàrá sẹ́fà, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé. Yàrá yẹn kò ní fèrèsé, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ní. Mo sáré tẹ̀lé e, mo ṣí i. Sálúbàtà rẹ̀ wà nílẹ̀, wọ́n kọjú sí ògiri. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá náà.

Mo ké. Alàájì sáré wọlé, ó ń pe "Subuhánàllàhí", ó wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó wo abẹ́ tábìlì, àgbà ọkùnrin ń tú inú páálí tí ológbò kò lè wọ̀. Nọ́ọ̀sì Wàsílátù ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Iná ló gbé e," wọ́n ní. "Orí ẹ̀rọ ló wà, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nínú yàrá kọ̀ǹpútà wa. Èmi ni mo fi òwú dí imú rẹ̀, ọmọ mi. Ọwọ́ mi yìí ni. Mo tẹ̀lé òkú rẹ̀ dé ibojì."

Mo fọwọ́ bo ikùn mi. Oyún ta ni mo wá gbé yìí? Mi ò lè sọ ọ́ jáde lójú wọn.

Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti wà nídìí kọ̀ǹpútà. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lórí ọpọlọ kẹrin, ó ń ṣiṣẹ́. Mo pa ọpọlọ náà, orúkọ náà bọ́ sórí ìkẹta. Mo pa ìkẹta, ó bọ́ sórí ìkejì. Mo pa ìkejì, ó dé orí àkọ́kọ́, èyí tí ẹ̀rọ kì í gbà kéèyàn pa. Mo jókòó tì í, omi ń dà lójú mi. Ìṣojú mi ni orúkọ náà ti kúrò níbẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ọpọlọ mìíràn nínú ẹ̀rọ yẹn tó lè bọ́ sí.

Ìyá mi ló sọ ohun tó jẹ́ fún mi. "Àkúdàáyà ni." Wọ́n ní ẹni tí ikú bá mú tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, á lọ máa gbé ìlú mìíràn, á ṣiṣẹ́, á fẹ́yàwó, títí ẹni tó mọ̀ ọ́n rí yóò fi ṣe kòńgẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe kòńgẹ́ ló tún gbéra. Mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú, torí èmi ni mo lọ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n wá.

Mo bí ọmọ náà, obìnrin ni. Kí n tó wo ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ dì mú. Ó gbóná. A sọ ọ́ ní Morọ́lá.

Ó ti ń jókòó nígbà tí nọ́ńbà kan tí mi ò mọ̀ pè mí. Ọkùnrin kan ni, ó ní iléèwé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ lòun ti ń pè.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹnìkan fẹ́ bá wa tún sẹ́fà wa ṣe. Orúkọ yín ló fi sílẹ̀ pé kí ẹ jẹ́rìí òun. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Kò tíì dárúkọ tí mo ti mọ̀. Lẹ́yìn ọkùnrin náà, mo ń gbọ́ ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà. Mo lè béèrè àdírẹ́sì. Mo lè pọn ọmọ mi lọ́la kí n wọ mọ́tò, kó rí bàbá rẹ̀ lójúkojú. Ṣùgbọ́n èmi náà ti di ẹni tó mọ̀ ọ́n rí.

Mi ò béèrè àdírẹ́sì.

"Mo mọ̀ ọ́n," mo ní. "Òṣìṣẹ́ gidi ni. Ẹ gbà á. Ẹ má ṣáà jẹ́ kí àlejò máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

"A dúpẹ́, mà. Ó tún ní kí n bi yín ní nǹkan kan." Bọ́tìnnì dákẹ́. Ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i. "Ó ní, kí lẹ sọ ọmọ náà?"

Títí Sànyà fi lọ, kò gbọ́ lẹ́nu mi pé mo lóyún. Mo wo ọmọ mi, ó ń wo fóònù náà, kò ṣẹ́jú.

"Morọ́lá," mo ní. "Ẹ sọ fún un pé Morọ́lá ni."

Ọkùnrin náà yíjú, ó tún orúkọ náà sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo yára pa fóònù kí ẹni náà tó dáhùn.